Ẹ Fi Rẹfirí Sílẹ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Ara Wa



Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù ọdún Àjíǹde ni ojú ìwé wa yìí ti gbóná bí ààrò. Ẹnì kan ní olè ni rẹfirí. Ẹlòmíì ní wọ́n ti fún un lówó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an tiẹ̀ kọ ọ́ pé torí pé a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ló ṣe fọn fèrè bẹ́ẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ta ló fọn fèrè lòdì sí ta? Ẹgbẹ́ méjèèjì tó wà lórí pápá, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n fún ní pẹ́nárítì, ọmọ Yorùbá náà ló wà nínú ilé tí wọ́n gbá a sí. Níbo lọ̀rọ̀ ẹ̀yà ti wọ̀ ọ́?

Mo ti ń dákẹ́ látọjọ́ náà nítorí pé ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí, torí ó pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé tí ẹ ò sí níbẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, 1-1 ni. Ọmọ àdúgbò wa tó wọ nọ́ńbà 9 gbé bọ́ọ̀lù lọ, ọmọ tó ń tẹ̀ lé e fà á láṣọ. Lójú tèmi, ìta bọ́ọ̀sì ni fífà náà ti bẹ̀rẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣubú sí. Ṣé mo lè búra? Mi ò lè búra. Rẹfirí wà lọ́nà tó jìn díẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta á lójú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì rí i. Kò sí fóònù tó máa fi wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọn fèrè. A gbá a wọlé. Bó ṣe fọn fèrè ìparí báyìí ni àgbàlagbà kan nínú wa, ẹni tó ń kó ìpàdé jọ, ẹni tá a máa ń ní kó gbàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ, sáré wọ pápá, ó sì fọ́ ọmọ náà létí. Lójú gbogbo àwọn ọmọ wa. Aago ọwọ́ ẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí kò lè ju ogún ọdún lọ, ọmọ iléèwé gíga, tó gun ọ̀kadà wá, tówó tá a fún un kò ju owó ọkọ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa aago ẹ̀, ó lọ. Kò sọ ohunkóhun.

Ẹ̀yin náà gbọ́ Hausa. Kí ni wọ́n ń pe rẹfirí? Alkalin wasa. Adájọ́ eré. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú wa ló máa dìde ní kóòtù tó máa lọ gbá adájọ́ létí torí pé ẹjọ́ ò gbè é?

Ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000 ní Surulere. Àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà, àwa àti Cameroon, 2-2, ó di pẹ́nárítì. Victor Ikpeba gbá tiẹ̀, bọ́ọ̀lù lu igi òkè, ó balẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó ta jáde. Rẹfirí ọmọ Tunisia ní kò wọlé. Cameroon gbé kọ́ọ̀pù lọ, 4-3. Títí dòní, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ èyíkéyìí ní Sabon Gari, ẹ dárúkọ Ikpeba, ẹ óò gbọ́ bí àwọn tó ti lé lógójì ọdún ṣe máa pariwo pé "ó wọlé!" Òótọ́ ni, ó wọlé. Wọ́n rẹ́ wa jẹ.

Ó dáa. Ta ló rántí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014? Ìdíje àgbáyé, Brazil, àwa àti Bosnia. Edin Dzeko gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa, wọ́n gbé àsíá sókè pé ọfúsáìdì ni. Kì í ṣe ọfúsáìdì. Gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ sígbà náà ni Odemwingie jẹ tiwa, 1-0 la fi nà wọ́n, ibẹ̀ sì ni ìrètí Bosnia parí sí. Àwa lọ sí ìpele tó kàn. Mo wà nílé ìwòran bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A jó. A ra ohun mímu fún ara wa. Mi ò rántí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn, goòlù àwọn ará ibí yìí wọlé o." Èmi náà ò sọ ọ́. Àwa tá a ti ń sunkún Ikpeba láti ọdún mẹ́rìnlá, Ọlọ́run fún wa ní Dzeko, a gbé e mì kàlò.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Kì í ṣe òdodo là ń wá. Ìrẹ́jẹ tó máa gbè wá là ń wá.

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́sí pé Nàìjíríà nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Rárá o. Àbúrò ìyàwó mi wà ní Ọsirélíà. Bọ́ọ̀lù tiwọn níbẹ̀ yàtọ̀, ó rí bí ẹyin, wọ́n lè fọwọ́ gbé e, igi mẹ́rin ló sì wà lójú ilé. Tí wọ́n bá gbá a gba àárín igi méjì tó ga jù láìkan nǹkan, máàkì mẹ́fà. Tó bá kan igi, máàkì kan péré. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Adelaide ń bá Sydney gbá a nílé ara wọn, ó ku díẹ̀ kó parí. Ben Keays gbá a wọlé, adájọ́ tó dúró nídìí igi ní ó kan igi. Kò kàn án. Sydney fi máàkì kan ṣoṣo borí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà líìgì wọn fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n èsì ò yí padà, Adelaide ò sì bá wọn dé ìpele ìkẹyìn lọ́dún náà. Ẹ fojú inú wo irú ìbínú yẹn. Wọ́n bú wọn, wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wọ pápá lọ gbá bàbá yẹn létí. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀gá wọn lè lanu sọ pé "a ṣì í." Nílé wa níbí, ta ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Rẹfirí tó ń gbàbọ̀dè wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Joseph Lamptey, ọmọ Ghana, fún South Africa ní pẹ́nárítì níwájú Senegal pé bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ Koulibaly, nígbà tó jẹ́ pé orúnkún ló bà. FIFA yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lé e kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé, wọ́n ní kí wọ́n tún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà gbá. Wọ́n tún un gbá lọ́dún 2017, Senegal borí 2-0. Bí wọ́n ṣe ń mú olè nìyẹn: ìwé ẹ̀sùn, ẹ̀rí, ìdájọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé wọ́n fún ọmọ wa yìí lówó lálẹ́, ta ló fún un? Èló? Níbo? Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rí, ẹ gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ pa á rẹ́ kúrò níbí, torí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni.

Àti pé ẹ dákun, ṣé a ti gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2025? Shooting Stars wá bá Pillars gbá a níbí, 1-1, àwọn èrò ya wọ pápá, àwọn ọmọ Ìbàdàn fara pa. Líìgì fìyà jẹ Pillars. Ẹ yí ojú ìwé yìí sẹ́yìn, ẹ ka ohun tá a kọ nígbà náà. A ní ìwà ẹhànnà ni. A ní èèyàn kì í wọ pápá. A ní ìdí nìyí tí àlejò kì í fi í borí nínú líìgì Nàìjíríà. Gbogbo ẹ̀ ló jóòótọ́. Fáànù Pillars ni mí o, láti kékeré ni mo ti ń lọ sí Kofar Mata, mo bá wọn yọ̀ lọ́dún 2008, mo bá wọn yọ̀ ní 2012, 2013 àti 2014. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìnagijẹ wọn wò: Sai Masu Gida. Onílé nìkan. Orúkọ tó dùn ni, àmọ́ tí rẹfirí bá wọ pápá tó ń gbọ́ ọ láti ẹnu ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹ̀rù á bà á kó tó fi fèrè sẹ́nu. Adamasingba náà ń ṣe é. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Àwa tá a mọ bó ṣe rí kéèyàn jẹ́ àlejò, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn tá a kọ gbogbo ìyẹn, àwa náà wọ pápá. Ọmọ onílẹ̀ la sì gbá létí. Ṣé ẹ ti ronú ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ọmọ yẹn lọ pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá? Kò pè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, dípò ká máa pè é lólè.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi.

Gbogbo wa la mọ̀ nípa oṣù Keje ọdún 2013, tí Plateau United Feeders na Akurba 79-0, tí Police Machine náà na Bubayaro 67-0, lọ́jọ́ kan náà, torí pé iye goòlù ló máa sọ ẹni tó máa gòkè. Ayé fi wá rẹ́rìn-ín. NFF lé ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní báwo ni àgbàlagbà ṣe máa jókòó pète irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ wo èmi náà.

Ìdíje tiwa yìí, ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 15 ni. Nọ́ńbà 9 wa, ẹni tí wọ́n fà láṣọ, ti ṣe WAEC tán. Kì í ṣe ọdún yìí o. Èmi ni mo gbé ìwé ọjọ́ orí ẹ̀ fún ìgbìmọ̀, ìwé ìbúra tá a lọ gbà ní kóòtù, tó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ń sọ fún ara mi pé gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é, pé ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ti ilé. Nígbà tí mò ń fi ìwé náà sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan tó ti ń gbá nọ́ńbà 9 fún wa látìbẹ̀rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì títí ìdíje fi parí. Ìyá ẹ̀ ti ra bàtà bọ́ọ̀lù tuntun fún un. Kò bi mí ní nǹkan kan, mi ò sì bá a sọ nǹkan kan.

Torí náà, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń pariwo pé wọ́n rẹ́ yín jẹ lórí pẹ́nárítì yẹn, òótọ́ ni wọ́n rẹ́ yín jẹ. Àwa la rẹ́ yín jẹ, kì í ṣe rẹfirí. Kó tó fọn fèrè àkọ́kọ́ la ti rẹ́ yín jẹ. Kò sì sí bó ṣe lè mọ̀, ìwé tá a fún un ló kà. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní ẹnì kan lẹ́yìn tó ń fá irùngbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dárúkọ.

Wọ́n ti ní kò ní sí ìdíje mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, torí kò sí rẹfirí tó fẹ́ wá. Mo bá méjì nínú wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èkíní ní òun máa wà nílé ìyàwó lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ tá ò tíì dá. Ìkejì sọ òótọ́ fún mi: "Ku ne ba ku da haƙuri." Ẹ̀yin lẹ ò ní sùúrù. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n fi oṣù méjì jí ní ìdájí lọ sáré, àwọn ló máa jẹ gbèsè ìgbátí yẹn àti gbèsè ìwé tí mo fi sílẹ̀.

Tí wọ́n bá máa dá a padà, ohun tí mo rò ni pé kí ẹni tó ń wòran dúró lẹ́yìn okùn, àgbà ni o, olóyè ni o. Ẹni tó bá wọ pápá, kí ẹgbẹ́ ẹ̀ pàdánù. Kí a má gba ìwé ìbúra kóòtù mọ́, ìwé káàdì iléèwé àti orúkọ kíláàsì ọmọ ni ká máa lọ wò níléèwé ẹ̀. Kí kápútẹ̀nì nìkan máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Kí a sì san owó tó nítumọ̀ fún un, ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn.

Kọ́ọ̀pù náà wà lórí fíríìjì nínú pálọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo máa gbé e lọ bá akọ̀wé lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́wàá àárọ̀, ìwé ẹ̀sùn sí ara mi á wà pẹ̀lú ẹ̀. Láti ibẹ̀ mo máa lọ sílé ọmọ rẹfirí yẹn, ẹ̀yìn ọjà ni, kò jìnnà. Bàbá wa tó gbá a létí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo máa dúró dè yín níwájú ṣọ́ọ̀ṣì di aago mọ́kànlá, ká jọ lọ.