Ẹ̀YÌN Ń DÙN MÍ: SÍSỌ ÒÓTỌ́ KÌ Í ṢE ÀÌNÍGBÀGBỌ́

Bíbélì kíkà: Lúùkù 13:10-17

Ọdún 18 gbáko ni ẹ̀yìn obìnrin tí a kà nípa rẹ̀ yìí fi tẹ̀, tí kò lè nàró. Lọ́jọ́ tí Olúwa wò ó sàn, inú bí olórí sínágọ́gù. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ ìsinmi kọ́ ló yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kí obìnrin náà lọ ná, kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ta ló ti bá iléeṣẹ́ ìjọba ṣe pọ̀ rí tí kò mọ ohùn yẹn?

Ohùn kan náà ni ọ̀pọ̀ sójà tó ti fẹ̀yìn tì ń gbọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ọmọ wa sì wà lára wọn. Láàárín ọdún 2008 sí 2016, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí àwọn ológun ń wá sínú iṣẹ́ sójà, èdè Yorùbá sì wà nínú àwọn èdè náà. Àwọn mìíràn ti fi ìwé ìgbélùú wọlé ṣáájú ètò yìí àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ bá wọ aṣọ sójà lọ́hùn-ún a máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí a kì í sáábà gbọ́ ni èyí tó ń tẹ̀lé ìdúpẹ́: ẹrù wúwo tí wọ́n ń gbé rin ọ̀nà jíjìn, aṣọ ayẹta tó wọni lọ́rùn, fífò láti inú ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ogun tó ń jó lórí kòtò. Ara ọmọ ogún ọdún lè gbà á. Nígbà tí yóò bá fi pé ọmọ ogójì ọdún, bíbẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà lè di iṣẹ́ ńlá.

Òfin ilẹ̀ náà ní kí ìjọba máa san owó gbà-má-bínú lóṣooṣù fún ẹni tí iṣẹ́ ológun bá pa lára. Àjọ tí wọ́n ń pè ní VA ló wà fún un. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: pé ìpalára náà wà lára ẹni náà nísinsìnyí, pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́, àti pé èyí ló fa èyí. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2013, ìwé tó ti wà nílẹ̀ ju 125 ọjọ́ lọ láìní ìdáhùn lé ní 600,000. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, kí òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 fún àwọn tó fa èéfín olóró símú tó tún jẹ́ kí ìwé rọ́ wọlé bí omi òjò. Ẹni tí wọ́n bá sì sọ pé rárá fún lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Ìdádúró mìíràn wà tó ti ọwọ́ tiwa wá. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kì í ráhùn. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó ní bárékè, yóò fi òróró pa á, yóò gbé oògùn mì, kò ní lọ rí dókítà, kí ọ̀gá rẹ̀ má baà pè é ní ọ̀lẹ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n bá ṣí fáìlì rẹ̀, wọn kò ní bá ohun kankan níbẹ̀.

Bí ó bá wá dé iwájú dókítà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn yóò bi í pé ara ńkọ́. Yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́, ara le." Nílé wa, ìkíni nìyẹn. Lọ́wọ́ dókítà yẹn, ẹ̀rí ni, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní òun kò lè fi ẹnu òun jẹ́wọ́ àìsàn, kí ó má baà di tòun. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ńṣe ni wọ́n ń wọn bí ẹ̀yìn ṣe lè tẹ̀ tó. Ẹni tí kò lè tẹ̀ síwájú kọjá dígírì 30 wà ní ìpele 40 nínú 100. Ẹni tó kọjá 30 tí kò kọjá 60 wà ní ìpele 20. Ẹni tó bá di eyín mú, tó fi agídí bẹ̀rẹ̀ kan ilẹ̀, tí kò sì sọ ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ padà sínú Lúùkù. Olúwa kò fi àìsàn obìnrin náà pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ọdún 18 náà sí etí gbogbo ìjọ. Bí Olúwa bá ka ọdún ìrora ní gbangba, kí ló dé tí àwa fi rò pé pípa á mọ́ ni ìgbàgbọ́? Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀; òun ló sì yẹ kí ó sọ ọ́. Àmọ́ kí a má ṣe fi kún un. Ẹni tó ń tiro lọ́dọ̀ dókítà, tó wá ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì nílé, kí ó rántí Ananáyà àti Sáfírà. Òfin ayé pàápàá kò ní ṣàì mú un.

Àdúrà kò sì ní kí a má gbé ìgbésẹ̀. Pọ́ọ̀lù tó ń gbàdúrà náà ló pe ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Késárì, lẹ́yìn ọdún méjì ní àhámọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó kọ́kọ́ fi tó àjọ náà létí pé òun ń bọ̀ wá béèrè. Bí ó bá mú ìwé wá láàárín ọdún kan, tí wọ́n sì gbà fún un, ọjọ́ ìfitónilétí yẹn ni wọ́n lè ti máa ka owó rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, ọdún kan ló tún ní. Láti oṣù kejì ọdún 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀: kí ó mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ó ní kí ọ̀gá mìíràn tún ìwé kan náà wò, tàbí kí ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ àjọ náà. Bí kò bá jẹ́ kí ọdún kan kọjá, ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní sọnù.

Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ní bárékè, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí i nígbà tó ṣubú kọ̀wé, kí ìyàwó tó ń fà á dìde lórí ibùsùn náà kọ̀wé. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé ìrora tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ lè tó fún ẹ̀tọ́, bí dókítà kò tilẹ̀ rí orúkọ àìsàn fún un. Òfin sì ní bí ẹ̀rí ìhà méjèèjì bá dọ́gba, sójà ni kí a dá láre. Àwọn ẹgbẹ́ bíi American Legion àti DAV ń bá wọn ṣe ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọmọ yín má ṣe bá ẹni tó fẹ́ gba owó torí ìwé àkọ́kọ́ dá nǹkan pọ̀. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé kí ìdáhùn tó dé, ìyàwó rẹ̀ ní ọdún kan láti béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró sí ipò rẹ̀. Kí opó má ṣe jókòó sílé máa sunkún títí ọdún yóò fi yí po.

Ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run, sùúrù kì í ṣe oorun. Opó inú Lúùkù 18 ní sùúrù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ẹnu ọ̀nà adájọ́. Bí arákùnrin kan bá sọ láàárín wa pé ẹ̀yìn ń dun òun, kí a má ṣe dá a lóhùn pé kí ó ní ìgbàgbọ́, kí a sì kọjá lọ. Ohùn olórí sínágọ́gù nìyẹn. Kí a gbàdúrà fún un, kí a bá a wá ìwé rẹ̀, kí a sì bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ibo ni ọ̀rọ̀ dé.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o ka ọdún ìrora obìnrin náà, má ṣe gbàgbé àwọn ọmọ wa tó ń dúró. Fún wọn ní ẹnu òótọ́ àti ẹsẹ̀ tí kì í rẹ̀. Fi àánú sí ọkàn àwọn tí fáìlì wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.