Abẹ́rẹ́ Ni Ẹ Ń Bi Léèrè, Ẹ Kò Bi Àpòpọ̀

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé oògùn kan ní Òkè Bọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, wọ́n ń wọn ìfúnpá mi. Ọkùnrin kan wọlé, yóò tó ẹni ogójì ọdún, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan tó ìbáwí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀ ná. Ó ní ìyá òun ń wúkọ́, imú wọn dí, ara wọn ń gbóná. Kí wọ́n bá òun po oògùn ẹgbẹ̀rún náírà. Ọmọbìnrin apòògùn béèrè ọjọ́ orí màmá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Apòògùn náà ní kó gbé wọn lọ rí dókítà lónìí, tí ara wọn bá sì ti yá, kó mú wọn wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn.

Ẹ wá gbọ́ ariwo. "Abẹ́rẹ́ òyìnbó! Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni?"

Ó sọdá títì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Onítọ̀hún da oògùn funfun, pupa àti aláwọ̀ méjì sínú ọ̀rá, ó ta á ní kókó. Kò sí orúkọ lára wọn, kò sí ọjọ́. Ọ̀gbẹ́ni oníbéèrè kò béèrè nǹkan kan.

Ìwọ ni mo ń bá wí, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ, nítorí ẹ pọ̀. Bí ibà bá gbé yín dè, ẹ ó na ìdí fún ẹnikẹ́ni tó bá ti di síríńjì mú, ẹ kì í béèrè orúkọ ohun tó fà sínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá àìsàn nílé lẹ fẹ́ràn. Èyí tó fẹ́ ṣáájú rẹ̀ dé, ẹ̀ ń lé e bí olè.

Mo ká apá bùbá mi sókè fún ọmọ apòògùn náà. Àpá bùpá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ilẹ̀ gbígbóná, wà níbẹ̀, ó hunjọ bí ewé gbígbẹ. Ó ní òun kò ní irú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe ní in? Láti ọdún 1970 ni ilẹ̀ gbígbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òyìnbó nìkan kọ́ ló sì bá a jà. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrá, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iléṣà, wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná lọ kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn. Ẹ̀yin tí bùpá gbà là láìfọwọ́ kàn yín lẹ wá ń bú abẹ́rẹ́.

Ọ̀fìnkìn yìí kì í ṣe ohun àfojúdi. Lóṣù Kẹsàn-án 1918 ló bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó, àwọn bàbá wa pè é ní lùkúlùkú. Àwọn òpìtàn ṣírò òkú rẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà sí nǹkan bí 250,000. Ó máa ń pàwọ̀ dà bí ọ̀gà, ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ èṣí kò fi tó fún ti ọdún yìí. Ó sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó múlẹ̀ lára, nítorí náà ẹni tó dúró di ìgbà tó ń sín ti pẹ́. Èmi ò ní parọ́ pé ẹni tó gbà á kò ní sín mọ́. Ó lè sín, àmọ́ kì í sábà dé bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ẹ̀yin olóògùn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Ìbàdàn. Mo ti rí fíríìjì rí, kì í ṣe ládùúgbò yìí, tí wọ́n ti to ẹja mọ́ oògùn. Ẹ fi tẹmómítà sínú tiyín, kí ẹ ṣílẹ̀kùn ká rí i.

Mo gba tèmi kí n tó kúrò níbẹ̀. Owó mi ni mo fi rà á, ìjọba kò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Apá ro mí díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo jẹ àmàlà, mo sùn.

Ọ̀gbẹ́ni onímọ́tò, ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí dókítà?