Ọwọ́ Ènìyàn Kì í Ṣe Okùn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tó wà nídìí ẹ̀rọ àti ẹ̀yin tó wà lójú títì, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ lọ: ọwọ́ méjì tí Ọlọ́run fún olúkúlùkù, tí a fi ń jẹun, tí a fi ń ṣiṣẹ́, tí a fi ń gbé ọmọ. Àwa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bébà ń sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ wa ṣe okùn mọ́. Ẹni tí kò bá tí ì dé ìdí ẹ̀rọ bébà rí lè béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé.

Ẹ̀rọ bébà gùn bí ìgbà tí ènìyàn bá to bọ́ọ̀sì ńláńlá tẹ̀lé ara wọn. Ní orí rẹ̀ ni ohun tó dàbí ògì ti ń wọlé: igi tí a sè tí a lọ̀, tàbí páálí àti ìwé àlòkù tí a rẹ títí ó fi di jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Bí a bá pín ògì yìí sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 99 ni omi lásán. Ohun tí yóò di bébà kò ju ẹyọ kan lọ. Wọn á tú u sórí àwọ̀n wáyà tó ń yí lọ láìdúró, omi á máa jò sílẹ̀, ohun tó kù lórí wáyà á sì dà bí aṣọ tútù. Aṣọ tútù yìí á gba àárín àwọn rólà tó ń fún omi ara rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà á máa yí mọ́ ara àwọn sílíńdà gbígbóná tí sítíìmù wà nínú wọn, títí yóò fi gbẹ, tí wọn yóò sì ká a jọ ní ìdí ẹ̀rọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ déédéé, ọwọ́ ènìyàn kò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà máa ń já. Nígbà tó bá sì já, ẹ̀rọ kì í dúró. Ògì ń ṣàn, wáyà ń yí, sílíńdà ń yí. Àwa la gbọ́dọ̀ tún mú bébà gba inú ẹ̀rọ tó ń sáré kọjá láti orí dé ìdí. Ó dà bí ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò dúró sójú kan.

A kò lè mú odidi fífẹ̀ bébà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ó kọ́kọ́ gé ní etí rẹ̀. Omi ni ọ̀bẹ wa: omi tó ń fi agbára yọ láti ẹnu páìpù tíntín, tó ń la bébà tútù náà nígbà tó ṣì wà lórí wáyà. Tẹ́ẹ́rẹ́ etí yìí ni a ń pè ní ìrù. Ìrù ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Ìyókù á máa ṣubú sínú kòtò ìsàlẹ̀, wọn á tún pò ó mọ́ ògì. Bí ìrù bá ti dé ìdí ẹ̀rọ láìjá, ẹni tó wà nídìí omi á máa sún páìpù náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìrù á máa fẹ̀ sí i títí tí odidi bébà yóò fi máa kọjá.

Ta ló yẹ kó mú ìrù náà kọjá? Okùn ni. Okùn méjì ń sáré pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àwọn sílíńdà. Níbi tí wọ́n ti pàdé, wọ́n á mú ìrù náà sáàárín bí ẹmú alágbẹ̀dẹ ṣe ń mú irin, wọ́n á sì gbé e lọ. Níbi tí okùn kò bá dé, afẹ́fẹ́ ni a fi ń fẹ́ ẹ síwájú. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun, wọ́n tún ní bẹ́líìtì tó ń fa ìrù bébà mọ́ra, bọ́tìnnì ni òṣìṣẹ́ ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé iṣẹ́ tí àwa wà, nígbà tí okùn bá ti gbó tó ń yọ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tí páìpù afẹ́fẹ́ sì ti dí, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi ń rọ́pò méjèèjì. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Ẹ̀rọ kékeré tó bá ń sáré 120 mítà ní ìṣẹ́jú kan, mítà 2 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú bá rí ewu, kí ọwọ́ tó gbọ́, ó ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín àkókò yìí, rólà ti fa ìdajì mítà wọlé. Ìdajì mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti orí ìka àgbàlagbà dé ìgúnpá rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ tó ń sáré 600 mítà ní ìṣẹ́jú kan, mítà 2 àbọ̀ ni yóò ti wọlé láàárín ìwọ̀n àkókò kan náà, èyí sì ju gígùn ènìyàn lọ. Kì í ṣe bébà ló ń fa ọwọ́ lọ. Bébà tútù lè já. Ojú ibi tí rólà méjì ti pàdé ló ń fà á, rólà kì í sì í já. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òṣìṣẹ́ tí ojú rẹ̀ bá là kò lè fara pa, kò tí ì ṣírò.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọndọ́kítọ̀ wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń fò mọ́ danfo tó ń lọ lè fò ó ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kó má ṣubú. Àwọn ènìyàn á ní ó mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, wọ́n á ní kò fara balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún wa: bí ìrù bá kọjá, ọ̀gá ló gba ìyìn, bí ìka bá bá a lọ, òṣìṣẹ́ ló gba ẹ̀bi.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun titun tí ọgbọ́n kò tí ì tó. Ní 1799 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Nicolas Robert, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bébà gígùn láìdúró. Àwọn ará ilé Fourdrinier ní London náwó sí i lẹ́yìn náà, Bryan Donkin sì tún un ṣe títí ó fi dára. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rọ bébà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jẹ́bà ní 1969. Ìjọba tún dá ti Ìwopin sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Oku-Iboku sì bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn náà: ẹ̀rọ dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì tà wọ́n fún aládàáni. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń sọ páálí àlòkù di bébà, tàbí tó ń ṣe tíṣù, ni ọ̀pọ̀ wa ti ń jẹun. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni àwọn kan ń lò. A kò bú tòkunbọ̀. Mélòó nínú wa ló gun mọ́tò titun rí? Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá dé tí okùn rẹ̀ ti gbó, tí irin ààbò rẹ̀ kò bá a dé, owó ilé iṣẹ́ ló yẹ kó dí àlàfo náà, kì í ṣe apá ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní nígbà tí bébà bá já, iná ń jó, sítíìmù ń jó, wọn kò sì rí nǹkan kan tà. Òótọ́ ni. Wọ́n ní bí ọjà kò bá jáde, owó oṣù kò ní jáde. Òótọ́ nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ó bá ká wọn lára pé bébà ń já, kí wọ́n bá wa wo ohun tó ń já a.

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé níbi gígé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí ẹnu páìpù omi, kò ní gé e gaara. Etí ìrù á rí jákujàku bí aṣọ tí eku jẹ. Bí ìrù bẹ́ẹ̀ bá dé ibi tí wọ́n ti ń fà á, ibi tó ya ni yóò ti já. Bí ìrù bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò lágbára. Bó bá fẹ̀ jù, okùn kò ní lè mú un. Nígbà tó bá já lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, fọ́máànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ara á gbóná, ẹnì kan á sì na ọwọ́ sí ibi tí kò yẹ. Nítorí náà, ẹnu páìpù tí a kò fọ̀ ní òwúrọ̀ lè di ìka tó gé ní ọ̀sán. Ẹnu páìpù titun àti okùn titun kò wọ́n tó ìka ọmọ ènìyàn kan.

Ohun kejì ni ti bọ́nọ́ọ̀sì. Nínú ilé iṣẹ́ tí àwa wà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé bí bébà bá já, tí a kò sì mú un kọjá láàárín ìṣẹ́jú tí wọ́n fún wa, bọ́nọ́ọ̀sì gbogbo ṣíìfù náà yóò dín. Ẹ wo ọgbọ́n ìyẹn. Kì í ṣe ọ̀gá ló ń lé wa mọ́, àwa fúnra wa la ń lé ara wa. Ẹni tó bá ní kí a dúró kí wọ́n kọ́kọ́ fi okùn sípò, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò wò ó bí ọ̀tá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí sì ń pa lára jù ni àwọn káṣúà, ọmọ tó wọlé lánàá, tí wọ́n ń sanwó fún lójoojúmọ́. Kò lè ní òun kò ṣe, torí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà lẹ́nu géètì. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń rán lọ síbi tí àgbà iṣẹ́ kò jẹ́ lọ.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 sọ pé kí wọ́n fi ààbò tó dájú sí ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Ó tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹni tí kò mọ iṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ eléwu láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ ewu rẹ̀ fún un, tí wọ́n sì kọ́ ọ tàbí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń mójú tó o. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ẹ̀san tó wà lọ́dọ̀ NSITF, àwọn káṣúà náà sì wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá fara pa gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àwọn tó yẹ létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó oògùn àti ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín kí ọjọ́ wọ̀nyí kọjá.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí a máa fọ ẹnu páìpù tó ń gé bébà, kí a sì yẹ okùn wò, ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ṣíìfù. Bí okùn bá ti ń tú, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbéra.

2. Níbi tí okùn tàbí afẹ́fẹ́ kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n dín eré ẹ̀rọ kù tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ sún mọ́ ojú ibi tí rólà ti pàdé.

3. Kí okùn ìdádúró wà níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tó, kí ẹni tó bá fà á nítorí ewu má sì jìyà fún un.

4. Kí wọ́n yọ ìṣẹ́jú tí a fi ń mú bébà kọjá kúrò nínú ìṣirò bọ́nọ́ọ̀sì.

5. Káṣúà tí kò tí ì kọ́ iṣẹ́ yìí lábẹ́ àgbà kò gbọdọ̀ dá nìkan wà nídìí ìrù.

Àwa náà ní ojúṣe tiwa. Òfin kan náà tó dè wọ́n ló dè wá pé a kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ààbò jẹ́. Ẹ má ṣe tú irin ààbò kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ aago, ẹ má wọ ẹ̀wù alápá gbọọrọ sídìí rólà. Bébà tó bá wé mọ́ sílíńdà, ẹ má fi ọ̀bẹ lé e nígbà tó ń yí. Ẹ má sì fi ọ̀dọ́mọdé ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni, torí pé ó fẹ́ mú ìka mẹ́wàá délé.

Ẹ̀yin ará wa tó ń wakọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan yín náà. Nígbà tí bébà bá pẹ́ kó tó jáde, ẹ̀yin ni ẹ ń tò síta títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀yin náà ni wọ́n sì ń ní kí ẹ fi eré dí àkókò tó sọnù, pẹ̀lú rọ́ọ̀lù bébà tó wúwo rinlẹ̀ lẹ́yìn yín. Eré kan náà tó ń lé wa nídìí rólà ló ń lé yín lójú títì. Ohun tó bá ojú ló bá imú.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, a ó gbé ohun márùn-ún yìí kalẹ̀ kí gbogbo ilé dìbò lé e lórí, kí a tó gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá. Ẹ wá, kí ẹ mú àwọn káṣúà dání. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Okùn tó gbó, ọjà ni wọ́n ti ń ra òmíràn. Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ọwọ́?