Ẹ má fi orúkọ ọjà ṣe orúkọ òwò yín

Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún òwò, ẹ̀yin oníṣòwò wa. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tó bá ti ra orúkọ bíi gaari.com lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ọjà náà mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àdírẹ́sì lásán lẹ rà yẹn. Tirédímáàkì lòfin fi ń dáàbò bo orúkọ òwò, ọ́fíìsì ìjọba tó wà l'Ábújá ló sì ń fúnni, lábẹ́ òfin ọdún 1965. Ọ̀rọ̀ tó kàn ń sọ irú ọjà tẹ́ ẹ ń tà kì í rọrùn láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan kọ̀ kí Hotels.com di tirédímáàkì, wọ́n ní orúkọ gbogbogbòò ni. Booking.com náà bá ìjọba ṣẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní June 30, 2020, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án dá a láre. Kì í ṣe torí ".com" tó wà nídìí ẹ̀ o. Ohun tó gbà á ni pé àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo: nínú ìwádìí tí wọ́n gbé wá sílé ẹjọ́, nǹkan bíi 75 nínú 100 èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ gbà pé irú tirédímáàkì bẹ́ẹ̀ kò lágbára púpọ̀.

Ta ni nínú wa tó lówó irú ẹjọ́ yẹn?

Lóòótọ́, orúkọ bíi gaari.com rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè ra gaari.ng lọ́la, kó máa gba oníbàárà yín, ẹ ò sì ní lè ní kó má kọ "gààrí" sára ọ̀rá tiẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé: ẹ dá orúkọ tí kò sọ ohun tẹ́ ẹ ń tà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnì kan ti ń jẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ l'Ábújá. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lò. Bẹ́ ẹ bá tún un ṣe, ó di ọdún mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ra orúkọ kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ayé ló ni gààrí. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fúnra yín dá nìkan lẹ lè pè ní tiyín.