Bọ́tìnnì Kan, Ìtumọ̀ Méjì

Yóò ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ó ti lé ní ogójì ọdún ń kọ̀wé lórí géèmù. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí iṣẹ́ mi.

Metal Gear Solid 2 ni mo ní lọ́kàn, èyí tí Hideo Kojima darí, tí ó jáde fún PlayStation 2 ní ọdún 2001. Amí ni a ń ṣe nínú rẹ̀. Bí a bá yọ́ dé ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ kan, tí a sì fojú ìbọn sùn ún, yóò nawọ́ sókè. Bí ó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́, a ó tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ láti fojú sùn ún. Bí a bá yára jọ̀wọ́ bọ́tìnnì náà, ìbọn á dún. Bí a bá rọra jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, amí á sọ ìbọn kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ti ìbọn tí ń rọ ọta bí òjò tún yàtọ̀: bí a bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, a fojú sùn, bí a bá tẹ̀ ẹ́ gidi, a yìn ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ohùn ni èyí! Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì kan náà ni ó wà nínú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ohùn ni ó pààlà sáàárín ọkọ ìyàwó àti ohun ìjà. Páàdì PlayStation 2 gbọ́ ohùn, nítorí pé bọ́tìnnì rẹ̀ ń wọn bí ìka ṣe le tó.

Ti Xbox 360 kò gbọ́. Títẹ̀ àti àìtẹ̀ nìkan ni bọ́tìnnì rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí HD Collection jáde ní 2011 fún PlayStation 3 àti Xbox 360, ti àkọ́kọ́ ṣì ń gbọ́ ohùn. Ti èkejì ni wọ́n wá fi bọ́tìnnì mìíràn kún fún sísọ ìbọn kalẹ̀.

Ilé àbúrò mi ni mo ti kọ́kọ́ di ti Xbox 360 mú. N kò ka ìwé ìlò. Mo yọ́ dé ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́, ó nawọ́ sókè, mo sì rọra jọ̀wọ́ bọ́tìnnì gẹ́gẹ́ bí ìka mi ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbọn dún. Ọmọ àbúrò mi wò mí, ó ní, "Dádì Ìbàdàn, ó ti nawọ́ sókè kẹ̀, kí ló dé tí ẹ yìnbọn lù ú?" N kò rí èsì fọ̀.

Mo gbà pé ìka mi ni ó ṣẹ̀. Mo sì gbà pé ọ̀nà àtijọ́ ní àléébù: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n a máa yìnbọn láìfẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ pé kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kàn ṣe bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti gbà, n kò bá wọn lọ. Nínú géèmù yìí, dídá ọ̀tá sí jẹ́ ara ìtàn. Ìbọn tí ń múni sùn tilẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ pànìyàn. Ẹni tí ó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ògbufọ̀ ni, ògbufọ̀ tí ohùn bá sì sọnù mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú ìran, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ìbọn bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, kì í ṣe nínú ìwé ìlò nìkan. Ohùn náà kò tilẹ̀ ní láti sọnù. Ìfà tí ó wà lẹ́yìn páàdì Xbox 360 ń wọn bí ìka ṣe fà á jìnnà tó. Èmi ìbá ti gbé ìbọn lọ síbẹ̀, kí n sì jẹ́ kí òṣèré yan èyí tí ó wù ú. Páàdì PlayStation 4 tí ó jáde ní 2013 náà kò wọn agbára ìka mọ́ lórí bọ́tìnnì wọ̀nyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo.

PlayStation 2 mi ṣì wà nílé. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi wá kí mi, mo gbé páàdì rẹ̀ fún un. Ó yọ́ dé ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ nawọ́ sókè, ó wá bi mí pé bọ́tìnnì wo ni a fi ń dá a sí. Mo ní ọ̀kan náà ni.