Owó Wákà-Páàsì Dà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti ń hó nínú mi láti Sátidé.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ní ká dé lokéṣọ̀n, nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Fíìmù àgbéléwò ni wọ́n ń yà. Wákà-páàsì lèmi: ará ìlú tó máa jókòó sẹ́yìn ọba, tí kò ní sọ̀rọ̀. Mo dé láago mẹ́fà. Kámẹ́rà dé láago mọ́kànlá. Ọba dé láago méjì ọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Nígbà tóúnjẹ dé, ìrẹsì àti adìyẹ wọ yàrá àwọn ọ̀gá. Àwa rí búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá. (Pẹ̀lú gbogbo gàrí Ìjẹ̀bú tó wà lọ́jà!)

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí wọ́n rí i pé ẹni tó yẹ kó wá ki ọba kò wá. Ìwé eré ò sí. Ohun tó bá wá sẹ́nu oníkálukú ló ń sọ. Ẹnì kan bá ní, "Ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì yẹn ńkọ́?" Mo jókòó sórí páálí, mo hun oríkì fún ọba tí kò jẹ rí. Mo dìde, mo kì í. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la túká. Mo béèrè owó. Olóòtú ní, "Ṣó o mọ iye èèyàn tó máa rí ojú ẹ? Ojú ẹ lowó ẹ."

Háà! ₦1,000 ni mo fi wọ ọ̀kadà lọ àti bọ̀. Ṣé ojú ni mo gbé fún ọlọ́kadà?

Wọ́n á ní owó ò sí. Mo gbà. Owó ẹ̀yáwó ni ọ̀pọ̀ olóòtú fi ń yà fíìmù, àwọn olè sì ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀ tà. Ṣùgbọ́n wọ́n san owó kámẹ́rà. Wọ́n ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí ò bá rí epo á kú, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ariwo ẹ lowó ẹ. Torí pé ebi ò tíì dá wa wólẹ̀ níwájú kámẹ́rà ni wọ́n ṣe rò pé àwa ò nílò epo.

Wọ́n tún máa ń ní bí àwọn àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgbà wo? Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé, kò jìnnà síbí. Ọlọ́pàá ni lọ́dún 1944 tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́. Lẹ́yìn táwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1945 torí owó tí ò tó jẹun, ó gbé Strike and Hunger jáde. Lọ́dún 1950, ó ṣe Bread and Bullet nípa àwọn awakùsà Enugu tí ọlọ́pàá yìnbọn pa lọ́dún 1949. Ẹni tó fi eré gbèjà òṣìṣẹ́ ni bàbá iṣẹ́ yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni. Ta ló wá kọ́ yín ní "ojú ẹ lowó ẹ"?

Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò. Kẹ́nikẹ́ni tó kúrò ní họ́sítẹ̀lì, ká ti mọ iye tí wọ́n máa san, ìgbà tíṣẹ́ máa parí, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá hun oríkì tàbí ọfọ̀, kórúkọ ẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn fíìmù. A ò tọrọ báárà.

Wọ́n tún ti pè mí. Ọba máa wàjà ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa kì í sọ́nà. Mo ní èló? Wọ́n láwọn á pè mí padà.