Fóònù Kọ́ Ló Bí Ìbéèrè

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ná. Àǹtí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi fídíò kan sórí WhatsApp ẹbí wa. Ọdún 2024 ni wọ́n ká a. Pásítọ̀ E. A. Adébóyè ti ìjọ Redeem ló ń tọrọ àforíjì níbẹ̀: wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ rí pé ẹni tí kò bá san ìdámẹ́wàá lè má dé ọ̀run, àti pé kò sí bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Wọn ò ní ká má san mọ́ o! Àǹtí wá bi pásítọ̀ tiwọn léèrè, ní ìjọ mìíràn lọ́hùn-ún. Èsì wo ni wọ́n gbà? Pé ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ inú fóònù ló wọ̀ wọ́n.

Mi ò gbà. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì fi ìwọ̀sí lọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní Odò Ọya, ṣebí àwọn onígbàgbọ́ Èkó ló dìde ní 1891, tí wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀? Ní 1901, àwọn mìíràn tún jáde ní St. Paul's, Breadfruit, wọ́n dá African Church sílẹ̀. Ta ló ń ra dátà nígbà náà?

Ohun tí fóònù ṣe ò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ tá a ń sọ lábẹ́lẹ̀ nídìí agbada gààrí ti bọ́ sí gbangba.

Àǹtí kì í yẹ ìdámẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ òrùlé Ìyá àgbà ń jò ní Olódò. Nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn tó ń fi ohun tó tọ́ sí òbí ṣe ọrẹ wí. Ṣé orí Facebook ló ti kà á?

Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹni tó sá fún pásítọ̀, tó wá di ẹrú aláriwo orí YouTube, ọ̀gá ló pààrọ̀. Ẹni tó sì ń bú àgbà ò tíì béèrè nǹkan kan. Abéèrè ọ̀nà ni kì í ṣìnà, kì í ṣe eléèébú.

Àǹtí ò fi ìjọ sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń béèrè. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, páànù dé Olódò.